Orí Kẹfà: Àmì Ìdánimọ̀ Tí Yóò Bá Ìwé Dọ́jọ́ Alẹ́

6.1 Ojúlé kan ní Festac

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "House 5, C Close" ni òun ń gbé, ẹ kò tíì lè débẹ̀. C Close kì í ṣe ẹyọ kan ní Festac Town, ní Èkó, ojúlé karùn-ún sì wà káàkiri. Ẹ óò béèrè road. Bó bá dáhùn pé 22 Road ni, ọ̀rọ̀ ti yanjú fún ará Festac, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn kò tíì gbọ́ nǹkan kan, nítorí "22 Road" kò lè dá dúró láìsí orúkọ ìlú lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe to ìlú náà nìyẹn nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ fún àwọn àlejò FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Avenue ló tóbi jù, road yà lára avenue, close yà lára road, ojúlé wà nínú close. Nọ́ńbà àti lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe wọ́n. Wọn kò dúró de orúkọ olóṣèlú kankan. Ẹni tó bá ti wá ilé kiri rí ní àdúgbò mìíràn ní Èkó, tí wọ́n ní kó yà níbi igi máńgòrò tí wọ́n ti gé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, yóò mọyì irú ètò bẹ́ẹ̀.

Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ààyè tí orúkọ kan ti gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ohun kan ṣoṣo là ń pè ní àgbègbè orúkọ. Close ni àgbègbè orúkọ fún nọ́ńbà ilé. Road ni fún lẹ́tà close. Festac Town ni fún nọ́ńbà road. Ẹ wo àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi https://example.ng/iwe/2019/leta.pdf, ẹ óò rí i pé ètò kan náà ni. "leta.pdf" lè wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ. Ohun tó sọ ọ́ di ẹyọ kan ni gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan péré ló wà, òun ló sì bí orí yìí. Ilé kì í rìn. Ìwé a máa kúrò lórí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn, a máa ti ọwọ́ iléeṣẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, orúkọ fódà rẹ̀ a sì máa yí padà nígbà tí ọ̀gá tuntun bá dé. Àdírẹ́sì tó ń sọ ibi tí nǹkan wà yóò di irọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan náà bá ṣí kúrò níbẹ̀.

6.2 Nọ́ńbà, ojú-ewé, ìdìpọ̀

Àwọn tó ń kọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀ ti kojú ìṣòro yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní nọ́ńbà mẹ́ta: nọ́ńbà ìwé náà, ojú-ewé tó wà, àti ìdìpọ̀ tí ojú-ewé náà wà nínú rẹ̀. A lè fi 12/12/1500 ṣe àpẹẹrẹ, nọ́ńbà tí a kàn ronú kàn fún ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́yà tó ń bá oníbàárà ra ilé yóò mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání lọ ṣe search ní Lands Registry ní Alausa, ní Ìkẹjà, láti wò ó bóyá ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà bá ohun tó wà nínú ìdìpọ̀ mu.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí 12/12/1500 kò sọ. Kò sọ ẹni tó ni ilé, kò sọ àdúgbò, kò sọ iye tí wọ́n rà á. Bí Àìná bá ta ilé fún Bádé, ìwé tuntun yóò gba nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìdìpọ̀ mìíràn, ti Àìná yóò sì wà níbi tó wà. Ẹnikẹ́ni kò ní fa ojú-ewé àtijọ́ ya kó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni ẹni tó bá dé lẹ́yìn ogójì ọdún ṣe lè tọpa ilé náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìlànà tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ìwé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà tí a bá sì ti lò, a kò gbọdọ̀ fún ìwé mìíràn láéláé, bí ìwé àkọ́kọ́ tilẹ̀ ti kúrò nílẹ̀.

Ní àgbègbè Amuwo-Odofin, níbi tí Festac wà, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ṣètò Festac àti Satellite Town, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ní Federal Lands Registry tirẹ̀ ní Ìkòyí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra ilé lágbègbè yìí fi ń kọ́kọ́ béèrè nípa C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, pé, "Federal C of O ni àbí ti State?" Ìbéèrè nípa àgbègbè orúkọ ni wọ́n ń béèrè yẹn. Kò sí ohun tó ní kí 12/12/1500 ti Alausa jẹ́ ìwé kan náà pẹ̀lú 12/12/1500 ti Ìkòyí. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ tó gbàgbé orúkọ registry dà bí ẹni tó ní C Close lòun ń gbé.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ ilẹ̀ tí a óò padà sí ní 6.6. Bí súfẹ́yọ̀ bá ya ilẹ̀ tán, ẹ̀dà kan tí wọ́n ń pè ní red copy gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General. Ìwé tó wà lọ́wọ́ onílé kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró. Ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà tí kò sí lábẹ́ àkóso onílé.

6.3 Bí líǹkì ṣe ń kú

Jonathan Zittrain, Kendra Albert àti Lawrence Lessig ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n yẹ àwọn líǹkì inú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà wò, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn kò gbé ènìyàn dé ohun tí adájọ́ ń tọ́ka sí mọ́. Nínú Harvard Law Review àti àwọn ìwé àtìgbàdégbà míì tí wọ́n wò, ó lé ní ìdá 70 nínú 100. Ní 2024, iléeṣẹ́ ìwádìí Pew sọ pé ìdá 38 nínú 100 àwọn ojú-ewé tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù ní 2013 ni kò ṣe é ṣí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ikú líǹkì pín sí méjì. Èyí tó hàn ni kí ẹ̀rọ sọ pé "404". Èkejì ló burú jù, nítorí líǹkì náà yóò ṣí, ojú-ewé yóò jáde, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n tọ́ka sí mọ́. Ẹnì kan lè ti tún un kọ, dómeènì lè ti kú nítorí wọn kò san owó ọdún, kí ẹlòmíràn wá rà á kó fi ta tẹ́tẹ́. Òǹkàwé kò ní mọ̀.

Orúkọ tó yí padà ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ikú wọ̀nyí, irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa. University of Ife di Obafemi Awolowo University ní 1987; dómeènì rẹ̀, oauife.edu.ng, ṣì gbé orúkọ méjèèjì pọ̀. Yunifásítì ìjọba tó wà ní Adó-Èkìtì ti jẹ́ Ondo State University, ó ti jẹ́ University of Ado-Ekiti, ó wá di Ekiti State University ní 2011. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Yunifásítì Èkó ti di Moshood Abiola University. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, orúkọ àtijọ́ sì padà. Ẹ fojú inú wo ẹni tó bá ti sáré yí gbogbo àdírẹ́sì ìwé padà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Èkó fi LCDA (Local Council Development Area) 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà nílẹ̀. Amuwo-Odofin pín, Satellite Town sì bọ́ sábẹ́ Oriade LCDA. Ká ní ẹnì kan ti fi orúkọ Amuwo-Odofin sínú nọ́ńbà gbogbo ìwé Satellite Town ṣáájú ọdún náà, ọ̀kan nínú ohun méjì ni: kó jẹ́ kí nọ́ńbà máa parọ́, tàbí kó yí i padà kí gbogbo ìwé tó ti tọ́ka sí i máa wá a kiri.

Tim Berners-Lee, tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, kọ ìmọ̀ràn lórí èyí ní 1998. Ó ní kí a yọ orúkọ òǹkọ̀wé, kókó ọ̀rọ̀, ipò ìwé bíi "àkọ́kọ́" tàbí "tuntun", àti irú fáìlì kúrò nínú àdírẹ́sì. Ohun tó rí gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò ní yí padà ni ọjọ́ tí wọ́n dá ìwé náà. Ẹni tó bá pe fáìlì ní "final_final2.pdf" ti mọ ìdí tó fi kó ipò ìwé mọ́ wọn.

6.4 Nọ́ńbà tó ń sọ̀tàn àti èyí tó dákẹ́

Àmì FESTAC '77 ni ìbòjú eyín erin tí wọ́n gbẹ́ ní ìrántí Ìyọba Idia ti Benin, ọ̀kan lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. Nàìjíríà béèrè fún un fún àjọ̀dún náà, British Museum kò sì fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀ ni Af1910,0513.1. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀: Af ni Áfíríkà, 1910 ni ọdún, 0513 ni ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, 1 ni ohun àkọ́kọ́ nínú ẹrù ọjọ́ náà. Irú rẹ̀ kan wà ní Metropolitan Museum ní New York, nọ́ńbà tirẹ̀ ni 1978.412.323, ọdún 1978 ló sì wà níwájú.

Nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ̀tàn, àmọ́ ìtàn ilé tó gba ẹrù ni, nítorí ọjọ́ tó wọ inú ìwé wọn ló ń sọ. Ẹni tó bá ń wá 1897 tàbí Benin nínú Af1910,0513.1 kò ní rí i. Èrò tèmi ni pé gbogbo nọ́ńbà tó bá ń sọ̀tàn, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gbè. Ó tún ní ìṣòro iṣẹ́ ọwọ́: nínú àwọn ìwé àtijọ́, 1910.5-13.1 ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà ohun kan náà. Ojú ènìyàn yóò rí i pé ọ̀kan ni. Kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ohun méjì, àfi bí ẹnì kan bá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan ni. Lára iṣẹ́ tí ètò Digital Benin, tó jáde ní 2022, ṣe nìyẹn nígbà tó kó ohun tó lé ní 5,000 láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé 131 sójú kan, tí olúkúlùkù sì ní bó ṣe ń kọ nọ́ńbà tirẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí fẹ́ràn nọ́ńbà tó dákẹ́, èyí tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Ètò ARK, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 ní California Digital Library, dábàá pé kí a fi àmì 29 péré ṣẹ̀dá rẹ̀: 0123456789bcdfghjkmnpqrstvwxz. Kò sí fáwẹ́lì níbẹ̀, kí nọ́ńbà má baà ṣèèṣì di ọ̀rọ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ èébú. Kò sí lẹ́tà "l" tí ènìyàn lè kà sí 1, kò sì sí "o" tó lè di òdo.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá ní ìdí kan kún un. Bí ẹ bá fi "ọ" sínú URL, ẹ̀rọ yóò sọ ọ́ di %E1%BB%8D. Ẹ fi ìyẹn kọ odindi àkọlé, kí ẹ wá kà á fún ẹnì kan lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí àkọlé, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, wà nínú àkọsílẹ̀ tó tẹ̀lé ìwé, níbi tó ti lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

6.5 Alárinà

Bí nọ́ńbà kò bá sọ ibi tí ìwé wà, ẹnì kan ní láti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ alárinà nìyẹn: ẹ̀rọ kan tó ní tábìlì, nọ́ńbà ní apá kan, àdírẹ́sì ti òní ní apá kejì. Bí ìwé bá ṣí lọ, tábìlì nìkan ni a óò tún kọ.

DOI (Digital Object Identifier) ni ó gbajúmọ̀ jù. Orí Handle System tí Robert Kahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní CNRI ṣe ló dúró lé. Ẹ tẹ https://doi.org/10.1000/182, ẹ óò bá ìwé ìtọ́sọ́nà DOI fúnra rẹ̀. 10.1000 ni nọ́ńbà ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀, 182 ni èyí tó fún ìwé náà. Bí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan bá ta ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀ fún òmíràn, DOI kò yí padà. Nítorí náà ẹ má ka apá àkọ́kọ́ sí orúkọ ẹni tó ni ìwé lónìí. Owó ọdọọdún wà fún ẹni tó bá fẹ́ máa fún ìwé ní DOI. ARK kò gba owó: ilé ìkàwé kan yóò béèrè fún nọ́ńbà ilé tirẹ̀, bí 12148 ṣe jẹ́ ti ilé ìkàwé àpapọ̀ ti ilẹ̀ Faransé, yóò sì máa ṣe ìyókù fúnra rẹ̀.

Alárinà náà lè kú. PURL, alárinà mìíràn tí OCLC bẹ̀rẹ̀ ní 1995, bọ́ sí ọwọ́ Internet Archive ní 2016. Ó yè nítorí pé ẹnì kan gbà láti gbé ẹrù náà, kò sì sí ohun kankan nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tó fi dandan lé e. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń kéde nọ́ńbà ayérayé láìkọ ẹni tí yóò san owó ẹ̀rọ lọ́dún mẹ́wàá òní sílẹ̀, ìpolówó lásán ló ń ṣe.

6.6 Ṣé ìwé tí mo béèrè ni mo gbà?

Títí di ibí, ọ̀rọ̀ wíwá ìwé rí là ń sọ. Yíyẹ̀ ẹ́ wò bẹ̀rẹ̀ láti ohun kékeré: ṣé nọ́ńbà tí mo tẹ̀ tọ̀nà? ISBN ti dáhùn èyí tipẹ́. Ilé ìkàwé àpapọ̀, National Library of Nigeria, ló ń fún àwọn òǹtẹ̀wé wa ní ISBN. Ti Nàìjíríà a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Ká ṣẹ̀dá ọ̀kan fún ìṣirò: 978-978-123-456, tí ó ku nọ́ńbà ìkẹyìn. Ẹ fi 1 àti 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀léńtẹ̀lé, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀:

9 + 21 + 8 + 27 + 7 + 24 + 1 + 6 + 3 + 12 + 5 + 18 = 141

Ohun tó ku kí 141 tó di 150, nọ́ńbà àkọ́kọ́ níwájú rẹ̀ tó parí sí òdo, ni 9, nítorí náà 9 ni nọ́ńbà ìkẹyìn. Bí akọ̀wé bá ṣì í, tó kọ 465 dípò 456, àròpọ̀ yóò di 139, nọ́ńbà ìkẹyìn ì bá sì jẹ́ 1. Ẹ̀rọ yóò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá fi 5 ju ara wọn lọ, bíi 1 àti 6, tí wọ́n sì gba ipò ara wọn, ìṣirò yìí kò ní mọ̀. Àṣìṣe ló wà fún. Kò ní ṣòro fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ yí ìwé láti ṣe ìṣirò náà dáadáa.

Fún ayédèrú, hash là ń lò. Hash dà bí ìtẹ̀ka fún fáìlì: ó kéré, a kò lè tinú rẹ̀ kọ́ odindi ìwé padà, síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ kò bá tíì fọ́, kò sí ìwé méjì tí a mọ̀ tó ní ẹyọ kan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni SHA-256 tí àjọ NIST ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀. Ìbáà jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tàbí odindi Bíbélì ni ẹ kó fún un, àmì 64 ni yóò dá padà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀:

hello
2cf24dba5fb0a30e26e83b2ac5b9e29e1b161e5c1fa7425e73043362938b9824

Hello
185f8db32271fe25f561a6fc938b2e264306ec304eda518007d1764826381969

Lẹ́tà ńlá kan ló dá gbogbo rẹ̀ rú. Bí ẹ bá dán an wò pẹ̀lú echo hello | sha256sum, tí ohun tó jáde bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5891b5b5, ẹ má bá ìwé yìí jà: echo a máa fi òpin ìlà kan tí ojú kò rí kún un. Ẹ lo printf.

Ẹ wá fi hash sínú àdírẹ́sì gan-an. Tobias Kuhn àti Michel Dumontier dábàá èyí ní 2014 lábẹ́ orúkọ trusty URI: àmì 45 ló máa ń parí àdírẹ́sì náà, méjì àkọ́kọ́ ń sọ irú fáìlì àti ọ̀nà ìṣirò, 43 tó kù ni SHA-256 tí wọ́n kọ ní ọ̀nà kúkúrú. Ibi yòówù kí ẹ ti rí ìwé náà, ìbáà jẹ́ lórí ẹ̀rọ ìjọba, lórí flash ọ̀rẹ́ yín tàbí nínú WhatsApp, ẹ lè ṣírò hash rẹ̀ kí ẹ sì fi wé àdírẹ́sì. Red copy yín ti wà nínú orúkọ ìwé. Kò pọn dandan kí ẹ dé ọ́fíìsì kankan.

Àmì méjì tó ń sọ ọ̀nà ìṣirò kì í ṣe ọ̀ṣọ́. MD5, tó jáde ní 1992, fọ́ ní 2004. SHA-1, tó jáde ní 1995, fọ́ ní oṣù kejì ọdún 2017 nígbà tí Google àti CWI ti Amsterdam gbé PDF méjì jáde tí ohun inú wọn yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí hash wọn jẹ́ ọ̀kan. SHA-256 náà lè ní ọjọ́ tirẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà tí a gbà ṣírò rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ ohun tí wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ pé àwa la máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀rọ lè gbà kọ lẹ́tà ọ́. Ó lè kọ o, kó fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e, kó fi ti òkè tẹ̀lé e. Ó lè kọ o, kó fi ti òkè ṣáájú ti ìsàlẹ̀. Ó lè mú ó tó ti wà ní ẹyọ kan, kó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Ó lè mú ọ tó ti wà ní ẹyọ kan, kó fi àmì òkè kún un. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Nínú fáìlì UTF-8, ẹ̀kẹta jẹ́ báìtì 4: C3 B3 CC A3, ẹ̀kẹrin jẹ́ 5: E1 BB 8D CC 81. Hash wọn kò ní jọ rárá. Olùkọ́ méjì lè tẹ lẹ́tà kan náà lórí kíbọ́ọ̀dù méjì, kí ẹ̀rọ sì fẹ̀sùn ayédèrú kan ọ̀kan nínú wọn.

Ìwòsàn rẹ̀ wà nínú ìlànà Unicode. Ẹ sọ ìwé di NFC, ìrísí àjùmọ̀lò kan tí ìlànà náà là sílẹ̀, kí ẹ tó ṣírò hash. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò di ẹ̀kẹrin. Ṣùgbọ́n NFC kò lè gba gbogbo wa là. Ẹni tó bá lo ìlà kékeré tó dúró gbọọrọ lábẹ́ lẹ́tà, bí ti àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́, dípò àmì tóótó, Unicode ka àmì tirẹ̀ sí ohun mìíràn, U+0329, kò sì ní pa á pọ̀ mọ́ tóótó. Ẹ ní láti pinnu èyí tí ẹ óò lò kí ẹ tó fún ìwé àkọ́kọ́ ní nọ́ńbà.

Ìkìlọ̀ kan nípa àṣírí. Àwọn kan rò pé bí wọn kò bá fẹ́ kọ NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè) ẹni tó ni ìwé sínú àdírẹ́sì, àwọn lè kọ hash rẹ̀ síbẹ̀. NIN jẹ́ nọ́ńbà 11. Gbogbo èyí tó lè wà kò ju bílíọ̀nù 100 lọ, kọ̀ǹpútà kan tó lágbára lè dán gbogbo wọn wò láìpẹ́ rárá kó sì mọ ti ẹni náà. Lábẹ́ Nigeria Data Protection Act ti 2023, ẹ ó ṣì ti tú àṣírí ènìyàn síta.

6.7 Ta ló kọ ọ́?

Hash sọ pé ìwé kò yí padà. Kò sọ ẹni tó kọ ọ́. Gbájúẹ̀ lè kọ lẹ́tà ìpín-ilé sí orúkọ Federal Housing Authority, kó ṣírò hash rẹ̀, gbogbo ìṣirò yóò sì bára mu. QR code kò ní gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀: ojú òpó gbájúẹ̀ fúnra rẹ̀ ni QR náà yóò gbé yín lọ, níbi tí ó ti kọ "VERIFIED" ní àwọ̀ ewé. Líǹkì tí ẹni tó mú ìwé wá fún yín ni kọ́ ni ẹ óò fi yẹ ìwé náà wò. Ẹ lọ fúnra yín sí ibi tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ ló wà fún èyí. Iléeṣẹ́ yóò fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ buwọ́ lu hash, ẹnikẹ́ni yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ilé ẹjọ́ wa, abala 84 nínú Evidence Act ti 2011 ló ti ń darí ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Àtúnṣe ti 2023 sì mú ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ wọ inú òfin náà kedere.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ wá ìdí tí "22 Road" fi jẹ́ orúkọ tó dára fún títì, ṣùgbọ́n tí "road22.pdf" kò fi dára fún ìwé nípa títì náà.

2. Ẹ ṣírò nọ́ńbà ìkẹyìn fún 978-978-616-161. Ẹ wá pààrọ̀ 6 àti 1 kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ tún un ṣírò. Kí ni ẹ rí?

3. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà "ọ́fíìsì" lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣírò SHA-256 méjèèjì kí ẹ tó sọ wọ́n di NFC àti lẹ́yìn náà.

4. CBAAC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 láti tọ́jú ohun tó ṣẹ́kù lára FESTAC '77, ní àwọn ìwé àpérò àjọ̀dún náà lọ́wọ́. Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ARK. Ẹ kọ bí nọ́ńbà yóò ṣe rí, ohun tí yóò wà nínú àkọsílẹ̀ tó tẹ̀lé e, ohun tí ẹ óò ṣe nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀dà kejì ìwé kan tí ojú-ewé méjì ti ya kúrò nínú rẹ̀, àti ọ́fíìsì tí owó ẹ̀rọ yóò ti máa wá lọ́dọọdún.

5. Ká ní trusty URI kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ìwé kò lè ní hash ara rẹ̀ nínú kí a tó ṣírò rẹ̀, bí a bá sì kọ ọ́ sínú rẹ̀, hash yóò yí padà. Ẹ dábàá ọ̀nà àbáyọ. (Ìrànlọ́wọ́: ẹ ro ohun tí a lè fi sí ààyè náà nígbà ìṣirò.)